Ìbéèrè Keje

"Mi ò mọ̀, mà," ni Hàfsátù wí.

Túnráyọ̀ gbójú sókè kúrò lára fọ́ọ̀mù tó wà lórí itan rẹ̀. Ìbéèrè tó rò pé èèyàn lè dáhùn láìronú ni. Ó tún un kà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá bó ṣe ń kà á, ó sì rọra ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó ń pe àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta.

"Ìbéèrè keje. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ kankan wà lọ́dọ̀ yín tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Hàfsátù, ìwọ ni òṣìṣẹ́ mi. Ṣé o lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ẹ́?"

Hàfsátù jókòó sórí àpótí kékeré, ó ń bu ilẹ̀ dúdú sínú àwọn ọ̀rá tí wọ́n fi ń gbin ọmọ òdòdó. Kò dáwọ́ dúró. "Mi ò mọ̀, mà. Mi ò tíì dán an wò rí."

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Bí ẹni tí wọ́n bi bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la ló ṣe sọ ọ́, ó sì tún na ọwọ́ mú ọ̀rá mìíràn.

"O ò mọ̀ báwo? Ṣé mo so ẹ́ mọ́lẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé mo nà ẹ́ rí?"

"Rárá o, mà."

"Oúnjẹ tí mò ń jẹ, ṣé òun kọ́ ni ìwọ náà ń jẹ? Owó oṣù rẹ, ṣé mo fi jẹ ẹ́ níyà rí?"

"Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí wá ni 'mi ò mọ̀' ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ ní kí n sọ òótọ́ ni, mà."

Túnráyọ̀ mú pẹ́ńsù, ó fàlà sí "bẹ́ẹ̀ kọ́." Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì, pẹ́ńsù ló sì máa ń kọ́kọ́ fi kọ ohunkóhun, kó tó wá fi bírò tẹ̀ ẹ́. Gbogbo Òdòde, ní Ìdànrè, ló ń pè é ní Màmá Tíṣà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó àti koríko ló ń tà báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí òjìji òkè máa ń dé bá wọn ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Fọ́ọ̀mù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ń ṣe ọgbà òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan, òdòdó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú koríko tó máa kún ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Bí Túnráyọ̀ bá rí iṣẹ́ yìí gbà, yóò gbẹ́ kànga oní-ẹ̀rọ sínú ọgbà rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìdajì ohun tó gbìn ló kú mọ́ ọn lójú, nígbà tí òun àti Hàfsátù ń ru omi láti odò lójoojúmọ́ bí ẹni ń kọ́lé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá tún bá a láìsí kànga, ọgbà náà ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà ní àwọn ò ní í ra ewé kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kò sí oko ẹrú ìgbàlódé níbi iṣẹ́ òun, àti níbi iṣẹ́ àwọn tí òun ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà.

Oko ẹrú ìgbàlódé. Túnráyọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á. Òdòde tí èèyàn ò ti lè rí ẹni bá a ro oko bí kò bá sanwó ọ̀sán kalẹ̀ láàárọ̀!

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kọkànlá kò pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń kó ilẹ̀ wá fún un, ṣé ó sì fojú ara rẹ̀ rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àtòsìn ni ilẹ̀ dúdú rẹ̀ ti ń wá, láti oko Bàbá Ọ̀ṣúndé, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ọkọ̀ ló máa ń gbé e wá. Ó tó ọdún mẹ́rin tí Túnráyọ̀ ti débẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó pe Stephanie lórí fóònù. Ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Stephanie, ilé-iṣẹ́ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ yìí ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì dárúkọ Túnráyọ̀ fún wọn.

"Mummy, ẹ má da ara yín láàmú," ni Stephanie wí. "Gbogbo wọn ló ń kọ 'bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́' láti òkè délẹ̀. Kẹ́ ẹ má ṣáà ti fi ibì kankan sílẹ̀ lófìfo."

"Ṣé wọ́n máa wá wò ó ni?"

"Wọ́n lè wá, wọ́n lè má wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ráàyè, mà, ẹ lọ wò ó. Nítorí ọkàn yín."

Nítorí ọkàn mi, kẹ̀? Ọkàn tó balẹ̀ bí omi inú àmù tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù ti wá dà á rú.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àtòsìn. Ó bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin lẹ́yìn ilé Bàbá Ọ̀ṣúndé, níbi tí wọ́n máa ń kó èèpo kòkó jọ sí títí yóò fi jẹrà di ilẹ̀. Wọ́n ń fi ajọ̀ wáyà jọ̀ ọ́. Ilẹ̀ náà dúdú minimini, ó ń rùn díẹ̀díẹ̀, oorun tí Túnráyọ̀ ti mọ̀ láti kékeré tí kò sì kórìíra. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, nítorí òun ló máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ wá já ẹrù.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ìgbẹ́tì."

"Òo, ẹ káàárọ̀, Màmá Olódòdó."

Túnráyọ̀ dúró. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, kò sì mọ ìdí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín gan-an?"

Ọkùnrin náà wo àwọn yòókù. "Ìgbẹ́tì náà ni, mà."

"Ìlú yín nìyẹn. Èyí tí ìyá yín sọ yín ńkọ́?"

"Tolúwalàṣẹ."

"Tolúwalàṣẹ. Ó dáa. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sílé lọ́la, ṣé ẹ lè lọ?"

"Lọ́la kẹ̀? Oṣù kẹsàn-án la ṣì wà, mà. Ọdún ò tíì pé."

Túnráyọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò sí ọmọ oníkòkó tí kò mọ̀ ọ́n. Alágbàṣe yóò dé lẹ́yìn ọdún tuntun, yóò ṣiṣẹ́, yóò jẹ oúnjẹ olóko, yóò sùn sí ilé olóko, nígbà tí Kérésì bá sì dé, olóko yóò ra ọ̀kadà tuntun fún un, yóò gùn ún lọ sílé. Bí ó bá lọ kí ọdún tó pé, kò sí ọ̀kadà.

"Bó bá wá jẹ́ pé ó di dandan ńkọ́? Bí ẹnì kan bá kú nílé?"

"Bàbá mi kú lóṣù kẹfà, mà," ni Tolúwalàṣẹ wí. Ó gbọn ajọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. "Wọ́n ti sin ín."

"Ẹ ò lọ?"

"Ọdún ò tíì pé. Káàdì ìdánimọ̀ mi náà sì wà lọ́wọ́ Bàbá."

Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́rẹ́ báyìí ló dun Túnráyọ̀ jù. Ó rántí pé nínú oṣù kẹfà ọ̀hún, ọkùnrin yìí ti gbé ilẹ̀ wá sí ọgbà òun ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, òun sì fún un ní omi tútù, òun ní, "Ìgbẹ́tì, o mà ń ṣiṣẹ́ o." Kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ta ni ì bá sì sọ fún òun?

Bàbá Ọ̀ṣúndé wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èdè Ìdànrè ìgbà àtijọ́ ló sì ń sọ, èyí tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó kì í gbọ́ tán. Inú rẹ̀ dùn láti rí Túnráyọ̀. Ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n fún un ní obì. Nígbà tí Túnráyọ̀ sọ ohun tó bá wá, Bàbá wọlé, ó gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde. Káàdì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà ló fi dì wọ́n.

"Òun nìyí. Ṣé mo jẹ ẹ́ ni?"

"Bàbá, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ yín."

"Àwọn ni wọ́n kó o fún mi. Mi ò já a gbà. Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń fín kòkó sá lọ, títí dòní, mi ò rí i. Kòkó ti ń pọ́n báyìí. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dìde lọ lọ́la, ṣé ìwọ lo máa wá bá mi ká a?"

"Wọn ò lè sọ pé rárá fún yín ni wọ́n ṣe kó o fún yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Fọ́ọ̀mù ló sọ ọ́, Bàbá."

"Ta ni ń jẹ́ Fọ́ọ̀mù?"

Túnráyọ̀ gbìyànjú láti ṣàlàyé. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń dojú rú mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó dé ibi oko ẹrú, Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹrú? Èmi? Ìwọ̀fà gan-an, ìjọba ti fòfin dè é kí wọ́n tó bí mi. Mo ń bọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣàìsàn, mo ń tọ́jú wọn. Bí ọdún bá pé, mo ń ra ọ̀kadà, tuntun, tí ọ̀rá ò tíì kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Baba tó bí ọ ńkọ́? Lọ́dún tí o wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ará Kìṣí mẹ́fà ló wà lóko rẹ̀. Káàdì ò sí nígbà náà, aṣọ ìmúròde wọn ló máa ń gbà pamọ́. Ta ló máa wọ àkísà lọ sí ìlú rẹ̀? Àpótí tí aṣọ yẹn wà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tìrẹ ló wà. Ṣé ẹrú ni baba rẹ ń kó?"

Túnráyọ̀ mọ àpótí náà. Àpótí onírin, ó ní òdòdó pupa lára, káńfọ̀ ló sì máa ń rùn. Ó ti fà á jáde rí, ó gun orí rẹ̀ láti so àwọ̀n ẹ̀fọn kọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó rò pé aṣọ ìyá òun ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó fi owó kòkó rán án níwèé títí tó fi di tíṣà! Kò mọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Bí ó bá ní bàbá òun ò burú, Tolúwalàṣẹ ńkọ́? Bí ó bá ní Bàbá Ọ̀ṣúndé burú, ta ni òun fúnra òun?

Síbẹ̀, ó ti wá, kò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ ò bá dá káàdì wọn padà fún wọn, mi ò lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ yín mọ́."

Ẹ̀rín bọ́ sí Bàbá Ọ̀ṣúndé lẹ́nu, ẹ̀rín àgbà tó ti rí ibi tí ọmọdé ń sáré lọ.

"Ó dáa. Tèmi ni ká kọ́kọ́ dá padà, àbí tìrẹ?"

"Tèmi báwo?"

"Èyí tí mo fún ọ nínú ánfílóòpù, lọ́jọ́ tí mo mú ọmọbìnrin Kìṣí yẹn wá bá ọ. Níbo ló wà?"

Ẹni tó ń yọ ẹ̀ẹ́rún igi lójú ẹlòmíràn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìtì igi hàn lójú ara rẹ̀ yìí. Túnráyọ̀ dìde, ó dágbére, ó sì gbàgbé obì sórí àga.

Kò lè sọ bí ọ̀kadà ṣe gbé e dé Òdòde. Ó ń gbìyànjú láti rántí. Ọdún mẹ́ta ti kọjá. Hàfsátù dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Bàbá Ọ̀ṣúndé na ánfílóòpù sí i, ó ní, "Gba èyí, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀." Túnráyọ̀ gbà á. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lóòótọ́, ó balẹ̀ débi pé ó gbàgbé.

Inú àpótí ìwé rẹ̀ ló ti rí i, láàárín ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà àti ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa! Níbi tó ń kó àwọn ohun tó ṣeyebíye sí náà ló kó o sí. Nínú fọ́tò ara káàdì náà, Hàfsátù kéré lọ́jọ́ orí sí ti ìsinsìnyí, ó sì ń wo iwájú bí ẹni tó fẹ́ sín.

Ó jókòó sí pálọ̀, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ni maṣíìnì ìránṣọ tó ra fún Hàfsátù nígbà tí ọdún kìíní pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ra ọ̀kadà fún ọkùnrin. Èyí tó ní tábìlì tirẹ̀ ni, ó sì dára. Kí ó má baà dọ̀tí ló fi da aṣọ bò ó. Kí ó má baà gba àyè lásán ló fi gbé tẹlifíṣọ̀n lé e. Fún ọdún méjì gbáko, ó ti ń wo ìròyìn lórí ọrọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Hàfsátù kírun tán ní ẹ̀yìnkùlé, Túnráyọ̀ pè é, ó na káàdì náà sí i.

"Hàfsátù, gbà. Káàdì rẹ nìyí. Ìwọ lo ni ín."

Hàfsátù kò gbà á. Ó kọ́kọ́ wo káàdì, ó wo Túnráyọ̀, lẹ́yìn náà ló wálẹ̀ gbì lórí orúnkún méjèèjì.

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Dìde."

"Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá ni? Ẹ má bínú, mà. Ẹ kọ 'bẹ́ẹ̀ kọ́,' mo fọwọ́ sí i. Ẹ má lé mi lọ."

"Ta ló ń lé ẹ? Káàdì rẹ ni mo ní kí o gbà!"

"Bàbá sọ fún mi pé ó wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí n lọ lẹ máa fún mi."

Túnráyọ̀ rọra jókòó. Ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin yìí ti fi ń retí ánfílóòpù kan, tó sì tún ń bẹ̀rù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òun ń rò pé àwọn jọ ń gbé bí ìyá àti ọmọ, ohun kan wà láàárín àwọn tí Hàfsátù ń rí, tí òun ò rí. Ìtìjú mú un. Inú sì tún bí i, ká má purọ́. Ta ló ní kí ọmọ èèyàn máa dákẹ́ báyìí?

"Kí ló dé tí o ò béèrè? Kí ló dé tí o ò sọ pé o fẹ́ lọ sílé?"

"Mo sọ ọ́, mà." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Lọ́dún kìíní, ẹ ní ká kọ́kọ́ parí òdòdó Kérésì. Lọ́dún kejì, ẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ta ló máa ru omi. Lọ́dún yìí, mi ò tíì sọ."

Òótọ́ ni. Túnráyọ̀ rántí méjèèjì, ó tilẹ̀ rántí pé òun fi ẹ̀rín sọ èkejì.

"Ọmọ rẹ ti tó ọdún mélòó báyìí?"

"Ó pé méje lóṣù tó kọjá."

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Hàfsátù máa ń fi fóònù Túnráyọ̀ pe ilé, nítorí kò sí káàdì tó lè fi gba láìnì tirẹ̀. Bí Túnráyọ̀ bá ń gbọ́ ohùn ọmọ kékeré náà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Bá mi kí i o."

"Àǹtí ló máa ń pè mí, mà," ni Hàfsátù wí. "Ìyá mi ló ń pè ní Màámi."

Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Túnráyọ̀ ti fi òwe yẹn kọ́ ọmọ ilé-ìwé láìmọye ìgbà. Ó ti ní kí wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ti fún wọn ní máàkì.

"Dìde, gba káàdì rẹ," ló wí. "Bí o bá gbà á, o lè dúró. Bí o bá gbà á, o lè lọ. Kò yí nǹkan kan padà. Àbí ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Èmi gan-an ò mọ̀ mọ́. Ṣáà gbà á ná."

Hàfsátù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú káàdì náà, ó sì lọ gbé omi ẹ̀kọ kaná.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ Bàbá Ọ̀ṣúndé dé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè é. Tolúwalàṣẹ bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ kan àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀.

"Bàbá ní kí n jẹ́ṣẹ́ fún yín, mà. Wọ́n ní àwọn ti kó káàdì wa fún wa. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sá, ẹ múra, ẹ̀yin lẹ máa wá ká kòkó."

"Mo gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, Tolúwalàṣẹ, ṣé ẹ máa lọ wo ibi tí wọ́n sin bàbá yín sí?"

Ẹ̀rín náà kúrò. "Mo ní kí Bàbá fún mi ní ọjọ́ márùn-ún, kí ọ̀kadà mi má sì bọ́. Wọ́n ní àwọn ń rò ó." Ó gbé àpò ilẹ̀ àkọ́kọ́ sórí èjìká. "Tẹ́lẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní í rò ó."

Túnráyọ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun sunkún. Ó bu omi tútù fún un, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, omi náà dà bí nǹkan kékeré lójú rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fi rọ́bà pa ohun tó fi pẹ́ńsù kọ sí ìbéèrè keje rẹ́. Ibẹ̀ dọ̀tí díẹ̀. Ó mú bírò, ó fàlà sí "bẹ́ẹ̀ ni." Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé kò ju ìlà méjì lọ, ó kọ méje, ó ń kọ wínníwínní lọ sí etí ìwé. Ó kọ pé káàdì òṣìṣẹ́ òun wà lọ́wọ́ òun fún ọdún mẹ́ta. Ó kọ pé òun kò mọ̀ pé òun dì í mú, àti pé ẹni tí wọ́n dì mú ló mọ̀. Ó kọ nípa Àtòsìn, ohun tó ti tún ṣe níbẹ̀ àti ohun tí kò tíì tún ṣe. Ó ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà, ó fi ránṣẹ́ sí Stephanie. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù fi dún.

"Mummy! Bẹ́ẹ̀ ni lẹ kọ sí ìbéèrè keje?"

"Òun ni mo kọ."

"Kò sẹ́ni tó ń kọ bẹ́ẹ̀ ni sí i, mà! Mi ò tíì rí i rí. Ẹ ti dá káàdì padà, ó ti tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi fọ́ọ̀mù mìíràn ránṣẹ́ sí yín kíá."

"Stephanie, ìgbà tí mo fi 'bẹ́ẹ̀ kọ́' síbẹ̀, ohun tó wà nínú àpótí mi kò yé mi. Ní báyìí tó yé mi díẹ̀, ṣé kí n tún padà lọ kọ ọ́?"

Stephanie mí kanlẹ̀. "Wọ́n lè má gbé iṣẹ́ yìí fún yín mọ́ o. Àbí kí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn òótọ́ yín. Mi ò lè sọ, mà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí irú èyí."

"Àwa méjèèjì la ò mọ̀ nígbà náà," ni Túnráyọ̀ wí. Kànga inú ọgbà rẹ̀ ń jìnnà lọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kó fi fọ́ọ̀mù mìíràn ránṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Hàfsátù sọ pé, "Bí kò bá ní í ṣe yín ní nǹkan, mà, mo máa fẹ́ lọ sí Kìṣí lọ́la." Túnráyọ̀ fẹ́ sọ pé iṣẹ́ òdòdó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lè dé nígbàkigbà. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dé ẹnu rẹ̀ papọ̀, ó gbé wọn mì. Ó ní, "Wá bá mi gbé tẹlifíṣọ̀n sọ̀ kalẹ̀."

Ní gáréèjì Òdòde láàárọ̀ Sátidé, wọ́n di maṣíìnì náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Àkúrẹ́ pẹ̀lú okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè. Láti Àkúrẹ́, Hàfsátù máa wọ ọkọ̀ Ìlọrin, láti Ìlọrin ló máa wá wọ ti Kìṣí. Ó wọ ìborùn tuntun. Ó ti tò ó fún Túnráyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ibi tí oògùn kòkòrò wà àti àwọn òdòdó tí kò gbọdọ̀ rí oòrùn ọ̀sán. Túnráyọ̀ ti fi orí dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì mọ̀ pé òun máa gbàgbé.

Awakọ̀ náà fa okùn náà gírígírí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Àǹtí, ọjọ́ wo lẹ máa padà? Ẹ gba nọ́ńbà mi, kí n wá gbé yín ní Àkúrẹ́."

Hàfsátù yíjú. Ojú Túnráyọ̀ ló ń wá, bó ṣe máa ń wá a kó tó fún òdòdó lómi, kó tó dá iye fún oníbàárà, kó tó bu oúnjẹ. Ọdún mẹ́ta ni Túnráyọ̀ ti fi ń rò pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Ṣùgbọ́n ó yí orí kúrò, ó ń wo òkè, ó ń ka àwọn àtẹ̀gùn tó gun orí àpáta lọ bí ẹni pé wọ́n rán an pé kó wá kà wọ́n. Ó ka ọ̀kan, ó ka èkejì. Ó ń kà wọ́n lọ, kò jẹ́ kí ojú òun àti ti Hàfsátù ṣe mẹ́rin.

Ó gbọ́ tí awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀," ni Hàfsátù wí fún awakọ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín.